Ọjọ́ Ìsinmi Tí Màmá Àgbà Jókòó Lé Táńkì Epo

Lẹ́yìn tí a sin Màmá àgbà tán, àwọn àbúrò mi tó wà ní Ìbàdàn pè mí lórí fóònù. Wọ́n ní èmi ni kí n kọ nǹkan sílẹ̀ nípa wọn, nítorí èmi ni mo bá wọn gbé pẹ́ jù. Mo ní ìwé tí mo kà kò tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ẹnu mi tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ẹ̀gbọ́n mi àti ọmọ àbúrò mi, ẹ̀yin ni mò ń kọ ọ́ fún. Bí ẹ bá pàdé gbólóhùn kan tó ń tiro, ẹ dì í lápá mú, kí ẹ jọ máa lọ.

N kò ní sọ ọdún tí wọ́n bí wọn, nítorí kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n. N kò sì ní to orúkọ àwọn ọmọ wọn lẹ́sẹẹsẹ bíi ti ìwé ètò ìsìnkú. Ohun tí mo mọ̀ ni imú wọn, ìjà wọn, àti ọjọ́ Ìsinmi kan tí wọn kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ìgbómìnà pọ́ńbélé ni wọ́n ń sọ. Èmi ni mo yí i sí Yorùbá inú Bíbélì kí ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí ìgboro lè gbọ́ ọ. Bí ó bá dùn níbí, ẹ mọ̀ pé ó dùn jù báyìí lọ lẹ́nu wọn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi imú.

Màmá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ẹ̀kọ ni wọ́n ń ṣe. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni mo ti ń bá wọn nídìí ìkòkò. Wọn kì í gbé e lọ sọ́jà. Ẹ̀yìn ilé wa ní Ìlá ni wọ́n ti ń ṣe é, iwájú ilé ni àwọn oníbàárà sì ti ń wá gbà á ní ìdájí: tíṣà, awakọ̀ tó ń lọ sí Òkè-Ìlá, ìyàwó ilé tí ọmọ rẹ̀ ń lọ síléèwé. Màmá á fi omi kànga wa rẹ àgbàdo fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á ro ó lórí iná, wọ́n á fi ewé eéran pọ́n ọn. Nínú gbogbo rẹ̀, imú ni ọ̀gá. Wọ́n á ṣí ìdérí, wọ́n á tẹ̀ síwájú bí ẹni tó fẹ́ bá ìkòkò sọ̀rọ̀ àṣírí, wọ́n á fa èémí lẹ́ẹ̀kan péré. Tí wọ́n bá ní ó kù, ó kù. Tí wọ́n bá ní ó tó, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Nígbà kan, awakọ̀ kan gbé àpò àgbàdo wá fún wọn láti Ọ̀rà. Àgbàdo funfun ni, ó gbẹ, ó ń dán. Màmá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, wọ́n gbé ẹ̀kúnwọ́ kan sí imú, wọ́n dà á padà.

"Gbé e padà fún ẹni tó fún ọ."

"Ha, Màmá. Àgbàdo tuntun mà ni. Ẹ tún un wò."

"Mo ti wò ó. Ìwọ ni o kò tíì gbóòórùn rẹ̀."

Awakọ̀ náà dúró, ó wo bàtà ara rẹ̀, ó wá jẹ́wọ́ pé òun kó ẹja gbígbẹ sí ẹ̀yìn ọkọ̀ kan náà, ṣùgbọ́n pé ẹja wà lápá ọ̀tún, àgbàdo wà lápá òsì, wọn kò fara kanra rárá. Màmá bá a so ẹnu àpò náà padà. Wọ́n ní: "Àgbàdo tó ti bá ẹja sùn kò lè bá mi jí."

Èmi ni imú yẹn fìyà jẹ jù. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ìkeje ni kò gbà fún mi. Mo ṣe èyí, mo ṣe tọ̀hún, mo wá rí iṣẹ́ sí ilé epo kan lókè àdúgbò wa, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ọ̀tan. Mo ti ní ìyàwó àti ọmọ méjì nígbà náà. Mò ń ta epo, mo sì ń wọn táńkì. Táńkì inú ilẹ̀ kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fojú rí. Ìdérí irin kan ló wà lójú sìmẹ́ńtì. Ẹ ó ṣí i, ẹ ó ti ọ̀pá gígùn kan tí wọ́n fín nọ́ńbà sí lára bọ ihò títí yóò fi kan ìsàlẹ̀, ẹ ó fà á jáde, ibi tí epo bá rin ọ̀pá dé ni ẹ ó kà. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni mò ń ṣe é. Mo fẹ́ràn rẹ̀, nítorí kò sí bí ènìyàn ṣe lè gbé ọ̀pá tó gùn tó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ tí kò ní jọ ọ̀gá.

Ṣùgbọ́n n kò gbọdọ̀ fi aṣọ iṣẹ́ dé ẹ̀yìn ilé. Bí mo bá ti yọ ní kọ̀rọ̀ báyìí, kí n tó ní "ẹ kú iṣẹ́", Màmá á ti nawọ́ dá mi dúró: "Dúró síbẹ̀, táńkì ẹlẹ́sẹ̀ méjì."

Ẹ wá wò ó, àwàdà yìí gan-an ló tàn wá jẹ. Nígbà tí òórùn epo kọ́kọ́ wọ inú ẹ̀kọ, Màmá gbọ́ ọ ṣáájú gbogbo ayé. Wọ́n gbọ́ ọ fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n rò pé ara mi ni.

Ìyá Rèbékà ló tú u síta. Ẹgbẹ́ mi ni, ilé rẹ̀ fara kan tiwa. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ó gbé ẹ̀kọ méjì padà wá nínú abọ́. Ó ti ṣí ọ̀kan.

"Màmá, ẹ má bínú sí mi. Ẹ tọ́ ọ wò."

"Kí ni mo fẹ́ tọ́ wò nínú ohun tí mo fọwọ́ mi ṣe?"

"Ó ń rùn bíi fìtílà, Màmá."

Màmá gbé e sí imú. Mo rí ojú wọn. N kò rí ojú yẹn rí, kódà lọ́jọ́ tí bàbá mi kú.

Kí oòrùn tó wọ̀, àdúgbò ti rí àlàyé. Orúnkún ń dun Màmá, kẹrosíìnì ni wọ́n sì fi ń pa á, bíi púpọ̀ nínú àwọn àgbà ibí. Àlàyé náà ni pé arúgbó ti ń gbàgbé: ó pa orúnkún tán, kò fọwọ́, ó ki ọwọ́ bọ ògì. Kò sí ẹni tó fura sí kànga. Ta ló tún ń mu omi kànga? Omi inú ọ̀rá ni gbogbo wa ń mu; kànga wà fún ìwẹ̀ àti ìfọṣọ, fún ẹ̀kọ Màmá náà. Ọ̀rọ̀ náà dé ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí ìkórè súnmọ́, ẹgbẹ́ àwọn ìyá gbé iṣẹ́ ẹ̀kọ fún ẹlòmíràn, wọ́n ní kí Màmá sinmi.

Ẹ̀yin tí ẹ kò bá wọn gbé kò lè mọ bí "kí Màmá sinmi" ṣe ń dún létí wọn. Ọwọ́ yẹn ni wọ́n fi tọ́ ọmọ mẹ́fà lẹ́yìn tí ọkọ wọn ti lọ. Ọwọ́ yẹn ló rán bàbá mi níwèé. Bí ẹnikẹ́ni ní Ìlá bá ń pe orúkọ wọn, ọwọ́ yẹn ló ń pè. Wọ́n da ògì ọjọ́ náà nù, wọ́n dojú ìkòkò dé, wọ́n jókòó sórí àpótí. Wọ́n ní: "Bí mo bá kú lónìí, ọwọ́ ìdọ̀tí ni wọ́n ó sin."

Màmá kì í jà bí àwa yòókù ṣe ń jà. Wọn kì í pariwo, wọn kì í ṣépè. Ara wọn ni wọ́n kọ́kọ́ ń dá lẹ́jọ́. Wọ́n gbé ìgò kẹrosíìnì jù sẹ́yìn odi, orúnkún fi oorun dù wọ́n. Wọ́n ní kí ìyàwó mi rẹ àgbàdo, kí ó lọ̀ ọ́, kí ó sẹ́ ẹ, àwọn kò ní fọwọ́ kàn án. Ó ṣe é. Ó rùn.

Lẹ́yìn wọn ló kàn mí. Lójoojúmọ́ tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, ẹ̀bá kànga ni mo ti ń wẹ̀, ibẹ̀ náà ni mo ti ń fọ aṣọ. Gbogbo ilé gbà pé èmi ni mo ba omi jẹ́. Ìyàwó mi gbà. Kí n má purọ́ fún yín, èmi náà gbà, ọkàn mi sì balẹ̀, nítorí bí ó bá jẹ́ èmi ni, á jẹ́ pé kì í ṣe ohun kan tí mo mọ̀ tí n kò fẹ́ sọ. Màmá lé mi lọ sílé àna mi ní Òkè-Ìlá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Àwọn àna mi rò pé èmi àti ọmọ wọn jà. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi ń bẹ̀ mí kí n dárí jì í. Kò ṣẹ̀ mí. Mo sáà dárí jì í.

Nígbà tí mo padà dé, Màmá wà níwájú abọ́ ògì kan. Wọ́n ṣí i, wọ́n fa èémí, wọ́n nà án sí mi. Fìtílà ṣì wà nínú rẹ̀. Wọn kì í bẹ ọmọdé, nítorí náà wọn kò bẹ̀ mí. Wọ́n ní: "Wọlé, Àkànbí. Kì í ṣe ìwọ."

Ọwọ́ kọ́, èmi kọ́. Omi ló kù. Ṣùgbọ́n báwo ni ẹni tí kò mọ ìwé ṣe ń yẹ omi wò? Bí Màmá ṣe ṣe é rè é. Wọ́n mú korobá, wọ́n lọ fa omi nínú kànga márùn-ún. Èkíní ni kànga Bàbá Ìjọ ṣọ́ọ̀ṣì wa, tó wà lókè ilé epo. Èkejì àti ẹ̀kẹta wà láàárín ilé epo àti ilé wa. Ẹ̀kẹrin ni tiwa. Ẹ̀karùn-ún wà nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ilẹ̀ ti ń dà lọ sódò. Wọ́n to abọ́ márùn-ún sórí pákó, wọ́n da omi kànga kọ̀ọ̀kan sí tirẹ̀, wọ́n bu ẹ̀kúnwọ́ àgbàdo kan náà sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n dé e. Wọ́n fi òkúta wẹ́wẹ́ sórí ìdérí kí wọ́n má baà ṣì wọ́n: òkúta kan fún èkíní, méjì fún èkejì, títí dé márùn-ún.

Ní ọjọ́ kẹta wọ́n ṣí wọn. Òkúta kan: ó kan dáadáa, òórùn ògì gidi. Òkúta méjì: kò tilẹ̀ kan. Àgbàdo náà jókòó sínú omi bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dà á síbẹ̀, epo nìkan ló ń fọhùn. Òkúta mẹ́ta: ó burú. Òkúta mẹ́rin, tiwa: ó burú díẹ̀. Òkúta márùn-ún: ó mọ́.

Ìyàwó mi ní kí a lọ pariwo. Màmá ní ó tì, a kò mọ nǹkan kan sí i. Oṣù kejì, wọ́n tún ṣe é. Oṣù kẹta, wọ́n tún ṣe é. Ní oṣù kẹta yẹn, wọ́n ṣí abọ́ olókúta márùn-ún, èyí tó mọ́ tẹ́lẹ̀, wọ́n sì fà sẹ́yìn. Wọ́n dé e padà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni dé ojú òkú. Wọ́n ní: "Ó ń rìn. Ohun tó bá sì ń rìn ní ilé tó ti jáde."

Wọ́n gbójú sókè wo ilé epo. Lẹ́yìn náà wọ́n yí ojú náà wá sára mi.

Ẹ̀yin ọmọ, mo mọ̀. Mo ti mọ̀ ṣáájú kí Ìyá Rèbékà tó gbé ẹ̀kọ padà wá. Ẹni tó ni ilé epo, Alága ni gbogbo ìlú ń pè é, nítorí òun ni alága ètò ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa. A jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan ní ìwé kẹta. Kì í ta epo ní ọjọ́ Ìsinmi rárá. Á ti ilé epo pa ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, á ṣí i ní àárọ̀ Mọ́ńdè. Èmi ni mò ń wọn táńkì ní ìgbà méjèèjì. Ó yẹ kí nọ́ńbà méjèèjì dọ́gba, kò sì dọ́gba. Gbogbo Mọ́ńdè ni ó ń dín. Mo sọ fún un lẹ́ẹ̀kan. Ó fi orúkọ tí mo ń jẹ́ níléèwé pè mí, ó ní, "Délé, oòrùn ló ń fà á. Epo bẹntiróò ló fẹ́ràn àtifò." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹni tó máa ń wo iṣẹ́ mi kọ nígbà tí a wà ní kékeré, mo pè é ní sà. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá ń wọn táńkì ní Mọ́ńdè, mo ń fi ojú kan wọ̀n ọ́n, mo ń fi èkejì wo ibi iṣẹ́ mìíràn tí kò sí.

Mo ka gbogbo rẹ̀ fún Màmá. Mo fi oòrùn náà sí i, nítorí mo rò pé á bá mi gbèjà. Wọ́n gbọ́ ọ tán. Wọ́n ní: "Oòrùn wo ló ń ràn nínú ilẹ̀?"

Ní ọjọ́ Jímọ̀, Màmá gbé abọ́ márààrún sórí páànù, wọ́n mú Bàbá Ìjọ dání, wọ́n gun òkè lọ sí ilé epo. Mo rí wọn tí wọ́n ń bọ̀. Mo lọ dúró sẹ́yìn ẹ̀rọ tí a fi ń ta epo, mo ń nu ibi tí mo ti nù.

Alága jáde pẹ̀lú ẹ̀rín. "Màmá, ẹ káàbọ̀. Ṣé epo lẹ fẹ́ rà ni?"

"Epo rẹ ti ń wá bá mi nílé lọ́fẹ̀ẹ́. Mo wá dá a padà."

Ó rẹ́rìn-ín, àwọn ọlọ́kadà tó wà níbẹ̀ náà rẹ́rìn-ín. Màmá ṣí àwọn abọ́ náà níwájú rẹ̀, wọ́n sọ ti òkúta, wọ́n sọ bí ó ṣe ń rìn. Ẹ̀rín Alága ń dín bí epo ọjọ́ Mọ́ńdè.

"Màmá, táńkì irin ni. Kò jò. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ó ń jò..." Ó wò yíká, ó ń wá mi. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ń tún okùn bàtà so. Bàtà tí mo wọ̀ kò lókùn.

"Ọmọ Àdùkẹ́," Màmá pè é ní orúkọ ìyá rẹ̀, "n kò bá ọ jà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọ̀la, tí o bá fẹ́ tì í, kí Àkànbí wọ̀n ọ́n níṣojú gbogbo wa. Kí o fi kọ́kọ́rọ́ rẹ tì í, kí Bàbá Ìjọ fi tiwọn tì í. Ní Mọ́ńdè kí a ṣí i, kí a tún un wọ̀n."

"Kò burú, Màmá. Kí ẹ má baà wá ní mo yọ́ ọ tà ní Sọ́ńdè, ẹ kúkú wá jókòó lé e." Àwọn ọlọ́kadà tún rẹ́rìn-ín.

"Màá jókòó lé e."

"Bí ó bá sì dín, èmi fúnra mi ni màá hú u jáde nílẹ̀."

Màmá yíjú sí Bàbá Ìjọ: "Ẹ gbọ́ ohun tí ó sọ?" Bàbá Ìjọ ní àwọn gbọ́. Màmá gbé páànù wọn. Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, wọ́n ní: "Dìde, Àkànbí. Okùn náà ti dì."

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé mo wọn táńkì. Nítorí pé Màmá kò mọ nọ́ńbà, wọ́n mú òwú pupa jáde nínú ìró, wọ́n so ó mọ́ ọ̀pá náà ní ibi tí epo rin ín dé, wọ́n dì í ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Bàbá Ìjọ gbé ọ̀pá náà lọ sílé. Wọ́n tì í tán, kọ́kọ́rọ́ méjì.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, kí agogo àkọ́kọ́ tó lù, Màmá ti wà lórí àpótí wọn, àpótí wà lórí ìdérí táńkì. Wọ́n wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì wọn pátá, gèlè àti gbogbo rẹ̀, wọ́n ṣí agboòrùn lérí. Ojú ọ̀nà kan náà ni gbogbo ìjọ ń gbà lọ. Ẹnì kọ̀ọ̀kan dúró, ó kí wọn, ó wo ìdérí, ó wo Màmá, ó lọ. Àwọn ìyá ẹgbẹ́ ìkórè fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ kejì títì, ṣùgbọ́n Màmá ti kí wọn ní orúkọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyá Rèbékà ní òun á jókòó tì wọ́n. Wọ́n ní kí ó lọ gbàdúrà. Alága fi ọkọ̀ dé, ó sọ̀ kalẹ̀ nínú agbádá, ó gbé àga onítìmùtìmù wá fún wọn láti ọ́fíìsì. Wọ́n dúpẹ́, wọn kò gbà á. "Irú àga bẹ́ẹ̀ máa ń mú ènìyàn sùn."

Èmi dúró lọ́ọ̀ọ́kán. Mo ti ka iye ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀, mo ti ń ronú ohun tí n ó sọ fún ìyàwó mi. Ẹ̀rù bà mí tó bẹ́ẹ̀ tí mo ń gbàdúrà sí ọ̀nà méjì: kí Màmá má jẹ̀bi, kí táńkì má sì dín. Ọlọ́run nìkan ló mọ bí yóò ṣe gbọ́ irú àdúrà bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìn, Bàbá Ìjọ yà. "Màmá, a kò rí yín. Ọ̀rọ̀ ìṣọ́ra ni a sì wàásù lé lórí lónìí."

Màmá tún agboòrùn dìmú. Wọ́n ní: "Ẹ̀yin wàásù rẹ̀. Èmi ni mò ń ṣe é."

Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, iwájú ilé epo kún. Wọ́n ṣí kọ́kọ́rọ́ méjèèjì. Bàbá Ìjọ gbé ọ̀pá fún mi. Ọ̀pá náà lu ẹnu ihò bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn. Mo tì í wọlé, ó kan ìsàlẹ̀, mo fà á jáde. N kò wò ó. Mo wo ojú Ìyá Rèbékà, mo rí i pé ẹnu rẹ̀ ti là.

Òwú pupa gbẹ. Epo kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Màmá sún mọ́ ọn, wọ́n fi ìka wọn lé àárín òwú àti ibi tí epo rin dé: ìka mẹ́rin, ó lé díẹ̀.

"Ka nọ́ńbà rẹ̀ sókè, Àkànbí."

Mo wo Alága. Mo wo Màmá. Mo kà á. Ohùn mi jáde bíi ti ewúrẹ́, ṣùgbọ́n ó jáde, gbogbo ènìyàn sì gbọ́.

"Tún un wọ̀n," Alága ní. Mo tún un wọ̀n. Ó gba ọ̀pá lọ́wọ́ mi, ó wọ̀n ọ́n fúnra rẹ̀. Nígbà tí ó fà á jáde, ó gbé ọ̀pá náà kalẹ̀. Lẹ́yìn náà, alága ètò ìkórè, onílé epo, dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì níwájú Màmá àgbà. Gbogbo wa ń dúró de ohun tí obìnrin tí wọ́n ti pè ní ọlọ́wọ́ ìdọ̀tí yóò sọ.

Wọ́n ní: "Dìde, ọmọ Àdùkẹ́. Aṣọ rẹ á gba òórùn."

Alága ṣe ohun tó sọ. Wọ́n fa epo tó kù jáde, wọ́n hú táńkì náà. Ihò kan wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, ìka ọwọ́ mi tó kéré jù wọ̀ ọ́. Gbogbo ìdààmú wa, ibẹ̀ ló ti ń jáde. Wọ́n kó ilẹ̀ tó ti mu epo lọ. Kò lé mi níṣẹ́. Ó ní èmi ni n ó máa wọn táńkì tuntun, kí n sì máa ka nọ́ńbà rẹ̀ sókè.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí omi náà dé, obìnrin kan ni ọ̀gá wọn. Wọ́n ri páìpù mẹ́ta mọ́lẹ̀ láti ilé epo dé ilé wa, gbogbo oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni obìnrin náà sì ń wá fi okùn sọ ìgò kékeré sísàlẹ̀, tí ó ń bu omi lọ yẹ̀ wò. Màmá fi abọ́ olókúta hàn án. Obìnrin náà kúnlẹ̀ wò ó, ó fi wé ìwé tirẹ̀: abọ́ àti ìwé sọ ohun kan náà. Ṣùgbọ́n ó sọ òtítọ́ fún wọn.

"Màmá, ẹ má tọ́ ọ wò mọ́ o. Nǹkan kan wà nínú epo tí imú kì í gbọ́, tó sì ń pa ènìyàn díẹ̀díẹ̀. Kí imú yín ní ó mọ́ kò tó."

Mo rò pé ìjà dé. Màmá ronú sí i. Wọ́n ní: "Ó dára. Ìwọ wo ti inú, kí èmi wo ti ìta. Tí ẹnì kan nínú wa bá ní ó kù, ó kù."

Alága gbẹ́ omi ẹ̀rọ sókè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga Bàbá Ìjọ, gbogbo àdúgbò ń pọn ọ́n. Omi náà mọ́ lóló. Ẹgbẹ́ ìkórè wá kúnlẹ̀ bẹ Màmá, wọ́n ní kí wọ́n fi omi ẹ̀rọ ṣe ẹ̀kọ, gbogbo ìlú ti mọ òtítọ́. Màmá dárí jì wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n kọ̀. Àwa ọmọ bẹ̀ wọ́n, wọ́n kọ̀. Ó dun ìyàwó mi débi pé ó sunkún. Ọdún mẹ́ta ni ìkòkò fi dojú dé, tí wọ́n ń rẹ ẹ̀kúnwọ́ àgbàdo kan lóṣooṣù, tí wọ́n ń gbóòórùn rẹ̀, tí wọ́n ń dà á nù. Wọ́n ní: "Tí mo bá fi omi ẹlòmíràn ṣe é, omi ni wọ́n ó yìn."

Nígbà tí ó yá, obìnrin ìjọba náà dé pẹ̀lú ìwé kan, ó ń rẹ́rìn-ín kí ó tó wọlé. Ó ní ìgbà kejì léra rèé tí òun kò rí nǹkan kan nínú kànga wa. Ó ti mọ́. A fò sókè. Màmá nìkan ni kò fò. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fa omi, wọ́n rẹ àgbàdo. Ọjọ́ mẹ́ta. Obìnrin náà pè mí lórí fóònù ní ọjọ́ kejì, ó ní kí ni Màmá wí. Mo ní ó di ọ̀la.

Ní ọjọ́ kẹta, Màmá ṣí ìdérí. Wọ́n tẹ̀ síwájú. Wọ́n fa èémí lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n dúró. Wọ́n tún fà á, ohun tí n kò rí kí wọ́n ṣe rí. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí ìyàwó mi lọ já ewé, kí èmi lọ gbé gbogbo àgbàdo tó wà nílé wá.

Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi ká àdúgbò. Ní ìdájí ọjọ́ tí wọ́n ṣe é tán, mo ṣílẹ̀kùn, mo bá ènìyàn láti ẹnu ọ̀nà wa títí dé ilé Ìyá Rèbékà. Òun gan-an ló wà níwájú. Àwọn tíṣà wà níbẹ̀, àwọn awakọ̀ ti pa iná ọkọ̀, ẹgbẹ́ ìkórè dúró pẹ̀lú abọ́ ńlá. Màmá jókòó, wọ́n ń fi ọwọ́ wọn mú un fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọn kò jẹ́ kí a bá wọn mú un. Àwọn kan kò dúró délé. Ojú ọ̀nà ni wọ́n ti ṣí ewé, tí wọ́n ń jẹ ẹ́ lóòró.

Alága dé nígbà tí ilẹ̀ ti mọ́ tán. Ó gbé ọkọ̀ dúró, ó sáré sọ̀ kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ kí wọn, ó nawọ́ méjèèjì.

Màmá gbọn ewé tó kù nínú agbọ̀n, wọ́n dojú rẹ̀ dé kí ó lè rí i.

"Ó ti tán," wọ́n ní. "Tètè jí lọ́la."